Garawa Lẹ́yìn Fọ́tò

Ẹ bá mi kan sáárá sí ẹni tí kò dìbò fún olùpàdánù rí. Ẹ dìde fún un, kí ẹ ṣí fìlà. Ọba ni láàrin àwọn olùdìbò, akọni tó ń mọ ibi tí ayé máa yí sí kí ayé fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Bí ìjọba tuntun bá dé, ó ti jókòó síbẹ̀ dè é. Bí ìjọba náà bá lọ, òun ti kúrò níbẹ̀ láti àná. Kò ní ẹgbẹ́, kò ní ọ̀tá, kò ní ẹ̀rí ọkàn tó ń dí i lọ́wọ́ oorun. Ohun kan ṣoṣo tó ní ni pé, nígbà tí wọ́n bá ka èsì ìbò lórí rédíò, yóò fi ìka gún àyà ara rẹ̀, yóò ní, "Ẹ ò rí i? Mo sọ fún yín."

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni bàbá onílé wa l'Ágége nígbà Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá, bíríkìlà ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ilé tí a ń gbé, ó sì to àwa ayálégbé sínú yàrá ibẹ̀ bí igi ìṣáná. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé àga síwájú ilé, yóò máa ka gbogbo ìbò tó ti dì láti ìgbà òmìnira fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí èyí tó já a kulẹ̀ rí. Kódà àwọn ológun tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún, bàbá ní òun ti wà lẹ́yìn wọn.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe wà lẹ́yìn wọn?" mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan. "Ṣé ẹ bá wọn gbé ìbọn ni?"

"Akọ̀wé," wọ́n ní, "ìwé tí o kà ò jẹ́ kí ojú ẹ là. Ẹni tó bá ń lọ sókè, tí o bá ti wà lẹ́yìn ẹ̀, ìwọ náà ń lọ sókè nìyẹn."

Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti gboyè ní yunifásítì nígbà náà, mo sì gbà pé kí n máa fi ènìyàn rẹ́rìn-ín ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀, torí n kò rántí òmíràn. Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni ti akọ̀wé sítọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní apá Ìkẹjà, tó ń fi ike ṣe garawa, abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì omi. Ògiri ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ náà ló pààlà pẹ̀lú àdúgbò wa. Bí mo jí, ẹ̀rọ wọn ni mo ń gbọ́. Bí mo dùbúlẹ̀, òun náà ni. Òórùn ike gbígbóná wà nínú aṣọ wa, ó wà nínú ọbẹ̀ wa, ó wà nínú irun àwọn ìyàwó tuntun. Àǹfààní kan ṣoṣo tí a rí nínú rẹ̀ ni pé garawa tó bá jáde pẹ̀lú ẹnu wíwọ́, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ sápá kan, àwọn òṣìṣẹ́ lè kó o lọ sílé. Nítorí náà, kò sí garawa tó tọ́ ní gbogbo òpópónà wa. Olúkúlùkù fi ọ̀dà tàbí irin gbígbóná ṣe àmì tirẹ̀ sára ti ẹ̀, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣi ti ẹlòmíràn gbé.

Ẹnu ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni òpópónà náà ní. Omi ń wá nígbà tó bá wù ú, ó sì ń lọ láìdágbére. Torí èyí ni òfin garawa ṣe wáyé, òfin tí n kò mọ ẹni tó ṣe é, tí n kò sì rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí: garawa dúró fún ẹni tó ni ín. Bí o bá ti gbé tìrẹ sí ìlà, o lè lọ síbi iṣẹ́, o lè lọ sùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ á máa fi ẹsẹ̀ tì í síwájú fún ọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ń mú obìnrin kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó gba ilé ìgbẹ̀bí lọ; nígbà tó fi máa bímọ tán, omi ti kàn án, wọ́n ti pọn ún kún, wọ́n sì ti rù ú lọ bá a. Nílẹ̀ tí àwọn tó ń ṣèjọba ti fi ìbọn ká òfin kúrò nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní, òfin yìí nìkan ni n kò rí ẹni tó rú u.

Obìnrin kan ló ń ṣọ́ ọ. Màmá ẹnu ẹ̀rọ ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń hun bùláńkẹ́ẹ̀tì ní Ìlúpéjú, títí Sáàpù fi dé, tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Ó lọ sílé lóòótọ́, ó gbé àpótí kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹnikẹ́ni kò yàn án. Àmọ́ bí ìjà bá fẹ́ bẹ́, á kàn ké pé, "Ta ló kàn?" ìjà á sì parí, torí gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tó kàn. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀yìn ilé kékeré tí wọ́n jọ kọ́ ni wọ́n sin ín sí, lẹ́bàá ògiri ilé iṣẹ́ wa, ó sì gbin òdòdó pupa kan síbẹ̀ tí òórùn ike kò jẹ́ kó hù dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọkùnrin kan dé láti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Wọ́n kun àgbélébùú ńlá sára gbogbo ilé tó wà ní ìhà ògiri náà, ilé bàbá onílé wa, ilé màmá, àti sìmẹ́ńtì tí ẹ̀rọ omi dúró lé. A bi wọ́n pé kí ni. Wọ́n ní wọ́n máa wó o. Ilé iṣẹ́ wa fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, kánsẹ́lọ̀ wa sì ti sọ fún àwọn máníjà pé ilẹ̀ náà kò ní ìwé, pé kí wọ́n máa mú un. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ara ògiri yàrá mi ni mo ti gbọ́.

Kánsẹ́lọ̀ yìí, mi ò rántí ìgbà tí kò jẹ́ kánsẹ́lọ̀. Nígbà tí ológun kọ́kọ́ ní kí a dìbò láìsí ẹgbẹ́, òun ló wọlé. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wà, òun ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ènìyàn mú nígbà tó bá ń sọ fún un pé kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ní báyìí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń lọ. Ìjọba ológun ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sílẹ̀ fún wa. Fúnra wọn ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ, fúnra wọn ni wọ́n kọ òfin rẹ̀, tí wọ́n tún kọ́ ilé fún un, wọ́n wá ní kí ará ìlú wọlé, kí a máa ṣe bí ẹni pé àwa la ni ín. Ní wọ́ọ̀dù tiwa, ẹgbẹ́ kejì kò ju ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ lọ, ìyàwó náà kò sì dá a lójú. Ẹni tí ẹgbẹ́ kìíní bá ti fà kalẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn.

Màmá lọ bẹ kánsẹ́lọ̀. Ó ní kó sáà yọ ilé òun kúrò, nítorí ọkọ òun. Kánsẹ́lọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Màmá, ìlọsíwájú ló dé yìí o. Gbogbo wa la máa jàǹfààní ẹ̀." Nígbà tí màmá padà dé ẹnu ẹ̀rọ, kò jókòó.

"Wọn ò ní kó garawa jọ lé ọkọ mi lórí," ó ní. "Ilé ìgbìmọ̀ tí kánsẹ́lọ̀ ń lọ yẹn, èmi náà ń lọ síbẹ̀. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá oníbúrẹ́dì, tó ń gbé iwájú ilé wa, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín tán, màmá ṣì wà lórí ìdúró, ojú rẹ̀ kò yẹ̀ kúrò lára mi. Èmi ni mo kàwé. Báyìí ni mo ṣe di akọ̀wé rẹ̀.

Mo bá a lọ ya fọ́tò. Ayàwòrán gbé tẹlifóònù tí kò ní wáyà fún un pé kó dì í mú sétí, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn olóṣèlú ń ṣe é. Màmá bi í pé ta ni òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Wọ́n yà á láìsí tẹlifóònù. Ó le ojú koko nínú fọ́tò náà, bí ẹni tó rí ẹnì kan tó fẹ́ já ìlà. A lẹ̀ ẹ́ káàkiri, láti ẹnu géètì àwọn ilé iṣẹ́ títí dé ìdí àwọn ilé búrẹ́dì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ya á dànù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde láti iṣẹ́ òru á dúró wò ó, wọ́n á ní, "Ìyẹn á ṣe é." Kò sí ilé tí Sáàpù kò tíì lé ẹnì kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, búrẹ́dì ti kéré débi pé ọmọdé ń bèèrè ibi tí ìyókù wà, kò sì sí omi. Wọ́n mọ obìnrin tó lè pín omi.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pè wá. Ilé alága wọ́ọ̀dù ni ìpàdé náà ti wáyé, ní pálọ̀ kan tí gbogbo àga ibẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà á. Bí ènìyàn bá yíra padà, àga á pariwo.

"Màmá," alága ní, "ẹgbẹ́ ti jókòó, ẹgbẹ́ ti rò ó wò."

"Ìgbà wo lẹgbẹ́ jókòó? Ṣé èmi náà ò sí nínú ẹgbẹ́ ni?"

"Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni mò ń sọ."

"Ṣé ọmọdé lẹ wá fi mí pè ni?"

Àga pariwo káàkiri. Alága wúkọ́. Ó ní wọn kò ní jẹ́ kí ọwọ́ màmá ṣófo, pé wọ́n fẹ́ fi í ṣe olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù.

"Kí ni olórí obìnrin ń ṣe?"

"Á máa kó àwọn obìnrin jáde."

"Láti wá ṣe kí ni?"

"Láti wá… Màmá, láti wá yẹ́ ẹgbẹ́ sí. Kí wọ́n jó, kí wọ́n pàtẹ́wọ́."

"Omi ò sí nílé wọn," màmá ní. "Ta ni wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún?"

Mo rò pé wọ́n máa bínú. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo kánsẹ́lọ̀, kánsẹ́lọ̀ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò burú," alága ní. "Ẹ jẹ́ kí ará ìlú tò." Inú mi dùn débi pé mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì. Ó yẹ kí n ti bi ara mi léèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Títò ni ètò ìbò ìgbà náà. Ìjọba ní ìbò inú àpótí ti ní màgòmágó jù, nítorí náà kí olúkúlùkù jáde sí gbangba, kó tò sẹ́yìn fọ́tò ẹni tó fẹ́, kí wọ́n ka orí. Ìbò tí onílé rẹ rí ọ, tí ọ̀gá rẹ rí ọ, tí ọkọ rẹ rí ọ, wọ́n ní kò lè ní àbòsí nínú.

Ọjọ́ Sátidé ni ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ bọ́ sí, ní pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa. Láti àárọ̀ ni wọ́n ní ọ̀gá elétò ìbò máa dé. Nígbà tí mo débẹ̀, ìlà màmá ti gùn ju ti kánsẹ́lọ̀ lọ débi pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn kánsẹ́lọ̀ kò wò wá lójú. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ti dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí, àwọn tó jáde níṣẹ́ òru ń tòògbé lórí ìdúró, àwọn obìnrin pọn ọmọ. Màmá dúró níwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fọ́tò ara rẹ̀ sókè. Ẹni tó wà níwájú mi gan-an ni bàbá onílé wa, wọ́n wọ aṣọ àdìrẹ tuntun, wọ́n múra bí ọkọ ìyàwó.

"Bàbá! Ẹ̀yin náà?"

"Ta ló ń bi mí?" wọ́n ní. "Ọ̀dọ̀ màmá ni mo wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún yín."

Ọ̀gá elétò ìbò kò dé. Oòrùn yọ, ó gun orí wa. Àwọn ènìyàn kánsẹ́lọ̀ gbé tẹ́ǹtì dé, wọ́n gbé ìjókòó dé, wọ́n gbé ìrẹsì àti omi tútù dé, wọ́n ń jẹun lẹ́yìn fọ́tò tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìrẹsì kò sí. Ọ̀sán pọ́n. Àwọn kan fẹ́ lọ kírun. Àwọn oníbúrẹ́dì ní láti lọ po ìyẹ̀fun. Èyí tó burú jù ni pé ilé iṣẹ́ wa àti àwọn méjì mìíràn lórí ọ̀nà náà ti kéde pé ẹni tí kò bá wọṣẹ́ ọ̀sán lọ́jọ́ náà kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé; àwa akọ̀wé nìkan ni a kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Lásìkò Sáàpù, kò sí ẹni tó ń bèèrè bóyá wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ìyàwó kápẹ́ńtà kan ní òpópónà wa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó pọ̀n ń ké, ó fẹ́ lọ fún un lóúnjẹ nílé. Ó sáré lọ gbé garawa búlúù rẹ̀ wá, ó gbé e sí ibi tó dúró sí, ó ní, "Mò ń bọ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ wá, ẹlòmíràn tún gbé tirẹ̀ wá. Nígbà tí oòrùn fi máa rọ̀ díẹ̀, ìlà màmá ti di ìlà garawa: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, ẹnu wíwọ́, ọwọ́ títẹ̀, ó lọ títí dé ìdí igi máńgòrò, ènìyàn ṣẹ́kù díẹ̀díẹ̀ láàrin wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlà kánsẹ́lọ̀ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ta ọ̀kan dànù. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìlà kánsẹ́lọ̀ gan-an ló pariwo mọ́ ọn: "Má dán an wò! Garawa èèyàn ni!" Ó dúró, ojú tì í, ó padà sídìí ìrẹsì rẹ̀.

Màmá yí orí padà. "Akọ̀wé, ṣé wọ́n gba garawa níbi báyìí?"

Èmi tí mo ti ka òfin ìbò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí mo sì fẹ́ràn láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti kà á, mo ní, "Màmá, kò sí ibi tí òfin ti ní kí wọ́n má gbà á." Ó dùn lẹ́nu mi. Àwọn tó gbọ́ ọ pàtẹ́wọ́.

Ọkọ̀ alága wọ́ọ̀dù ló gbé ọ̀gá elétò ìbò dé. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni, tí súfèé kọ́ sí lọ́rùn. Bó ti bọ́ sílẹ̀, ó ní kíkà ti yá. Lẹ́yìn náà ló rí ìlà wa.

"Kí lèyí?"

"Ìlà ni, sà," ìyá oníbúrẹ́dì dáhùn.

"Ta ló kó garawa síbí?"

"Àwọn tó ni wọ́n ń bọ̀, sà. Iṣẹ́ ni wọ́n lọ."

"Èmi ò wá ka garawa o. Èèyàn ni wọ́n rán mi wá kà."

"Èèyàn ni wọ́n, sà! Ẹ wò ó, èyí búlúù yìí, ìyàwó kápẹ́ńtà ni. Èyí tọ́wọ́ ẹ̀ tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó dáhùn."

Ẹ̀rín bú lábẹ́ tẹ́ǹtì. Kánsẹ́lọ̀ náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má fìyà jẹ wọ́n," ó ní, "ẹ bu omi fún wọn. Òùngbẹ á ti máa gbẹ wọ́n." Ẹ̀rín tún bú.

Mo sún mọ́ ọ̀gá náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ òfin. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní òun máa fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹni tó bá máa tò tò; bí òun bá ti fọn súfèé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ìlà tàbí kó jáde. Àwọn kan sáré lọ pe àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ wa. Wọ́n bá géètì ní títì. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ní máníjà ló ní kí òun tì í di ìgbà tí iṣẹ́ ọ̀sán bá parí, pé òun kò mọ̀dí. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tó ń pa alága lẹ́rìn-ín ní pálọ̀. Wọ́n kò jí ìbò kan, wọ́n kò lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn pẹ́ dé ni.

Ẹni tó bá wẹ̀yìn rí garawa. Ẹni tó bá wo ẹ̀gbẹ́ rí èèyàn, wọ́n kún fọ́fọ́, wọ́n ti yó, wọ́n ń kọrin. Bàbá onílé tún fìlà wọn ṣe. Wọ́n jáde nínú ìlà.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?" ìyá oníbúrẹ́dì ké. "Àgbélébùú wà lára ilé yín o!"

"Torí ẹ̀ náà ni," wọ́n ní. "Ẹni tó bá wọlé la máa bá sọ̀rọ̀ ilé. Ta lẹ fẹ́ bá sọ ọ́, garawa? Èmi ò dìbò ṣòfò rí, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan tẹ̀ lé wọn, ó wolẹ̀ bí ẹni ń wá ẹyọ owó. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn tí ọ̀dà pupa kò tíì gbẹ lára ògiri wọn ń kọjá, wọ́n ń rìn yí garawa ká, wọn kò fẹsẹ̀ kan ọ̀kan. Wọn kò sáré. Lábẹ́ tẹ́ǹtì, wọ́n ń fi ìyìn gbà wọ́n, wọ́n ń sún fún wọn. Màmá kò yíjú padà. Ó gbé fọ́tò rẹ̀ sókè, ó ń wo iwájú.

Súfèé dún.

Kíkà tiwa kò pẹ́. Ìyá oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀. Ìyàwó kápẹ́ńtà wà níbẹ̀, ó ti sáré dé tòun ti ọmọ lẹ́yìn, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa rẹ̀. Àwọn díẹ̀ tún wà pẹ̀lú wọn. Ọ̀gá elétò ìbò kà wọ́n sókè ketekete, ó ń fo garawa bí ẹni ń fo kòtò. Nígbà tí wọ́n gbé kánsẹ́lọ̀ sórí, tí wọ́n gbé e lọ, màmá sọ fọ́tò náà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí to àwọn garawa tí atẹ́gùn ti yí kúrò nípò. Ó dá olúkúlùkù padà síbi tó wà, láìṣi ọ̀kan.

Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sán parí, àwọn òṣìṣẹ́ sáré dé láti ilé iṣẹ́, òógùn bò wọ́n. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró ti garawa tirẹ̀. Ọkùnrin kan lára wọn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bi màmá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ti kàn wá?"

Lẹ́yìn ọyẹ́ ni katapílà dé. Màmá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún òun láyè kí òun hú òkú ọkọ òun, wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba kò dúró de òkú. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ lọ. Wọ́n wó ilé bàbá onílé náà. Bàbá dúró sójú títì pẹ̀lú àga kan ṣoṣo tí wọ́n rí mú jáde, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹnì kan pé, "Ó ṣáà wọlé." Kánsẹ́lọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lóòótọ́. Kò jókòó pẹ́ níbẹ̀ tí àwọn ológun tún fi dé, tí wọ́n lé gbogbo wọn sílé, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rùsí náà. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ibẹ̀. Mo mọ ibi tí òdòdó màmá wà tẹ́lẹ̀, lẹ́bàá ògiri, ní apá tí a ń kó garawa ńláńlá sí. A tò wọ́n sínú ara wọn, wọ́n ga dé àjà. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, mo sì máa ń rí i dájú pé mo ní ohun kan tí mò ń kà lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé nínú àwọn ará òpópónà wa ló ń sọ fún mi pé òun dúró lẹ́yìn màmá lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń sọ bí oòrùn ṣe mú, wọ́n ń sọ ohun tí màmá wí. Bí gbogbo àwọn tó ní àwọn dúró bá dúró lóòótọ́, gómìnà ni màmá ì bá dà. Mo ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri, mo ti kọ nípa wọn, àwọn òǹkàwé sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bi mí nígbà mìíràn pé ìwọ ńkọ́, mo sì máa ń ní akọ̀wé màmá ni mí. Òótọ́ ni. Akọ̀wé rẹ̀ ni mí.

Mo lè sọ pé iṣẹ́ mi ni mo ń bẹ̀rù, torí ọ̀gá mi wà ní pápá náà. Àmọ́ kò wò mí. Ẹnikẹ́ni kò wò mí. Mo wẹ̀yìn, mo rí garawa. Mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí ìlà tó máa borí, mo sì fẹ́ wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn bàbá onílé, kí súfèé tó dún, èmi náà kọjá.